Ìgbé Ayé Ọmọ Ogun Ifẹ̀ Nígbà Ogun Kírìjì

Ogun Kírìjì, èyí tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877 sí 1893, kì í ṣe ìtàn Ògèdèǹgbé àti Ààrẹ Látòósà nìkan. Ìtàn ọmọ ogun lásán ni pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn dé ojú ogun, orí ni ó sì fi ru ẹrù rẹ̀. Ní àwọn ibùdó tó wà lágbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ogun pẹ́ débi pé ọmọ ogun kọ́lé, ó sì dáko, nítorí ebi kì í dúró de àlàáfíà.

Ìṣòro ọmọ ogun Ifẹ̀ tún lé sí i. Lọ́dún 1882, Ifẹ̀ kẹ̀yìn sí Ìbàdàn. Mọdákẹ́kẹ́, tó wà lẹ́yìn Ìbàdàn, kọlu ìlú náà, ó sì di ahoro. Ìsòyà ni ọ̀pọ̀ ará ìlú sá lọ. Àdéhùn 1886 kò dá wọn padà. Ó di 1894 kí wọ́n tó padà wọ Ilé-Ifẹ̀. Nípa báyìí, ilé tí ọmọ ogun fi sílẹ̀ kọ́ ni ó bá. Ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọjọ́ tí ogun parí lè ṣáájú ọjọ́ tí jagunjagun délé.