Ìwádìí Orúkọ Ìdílé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Bí orúkọ ìdílé méjì bá dọ́gba, kì í ṣe ẹ̀rí pé bàbá kan náà ni ó bí wọn. A tẹnu mọ́ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé li ọ̀ràn ilẹ̀, oyè àti ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ ènìà a máa fi orúkọ nìkan ro ẹjọ́.

Li aiyé àtijọ́, olúkúlùkù ní àbísọ àti oríkì tirẹ̀. A kì í fi orúkọ bàbá pe ìran dé ìran. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sọ orúkọ ẹnì kan di ti gbogbo àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ta ni a kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé?

Ẹ jẹ́ kí a mú Kòsọ́kọ́. Kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ yìí mọ́: orúkọ àbíkú ni. Ẹni tí ó bá wí pé nítorí ọkọ́ inú rẹ̀, ìdílé àgbẹ̀ tàbí ti alágbẹ̀dẹ ni, ó ti ṣìnà. Ẹkún òbí ni ó wà níbẹ̀. Ọba Kòsọ́kọ́ fi Èkó sílẹ̀ ní òpin ọdún 1851, ó sì wà ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìà rẹ̀ títí di 1862. Láti ìgbà náà ni a ti nsọ ti Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Kí olùwádìí tó bèèrè ìtumọ̀, kí ó bèèrè ìhà tí agbo-ilé náà wà. Yóò sì bá orúkọ Mùsùlùmí tí ẹnu wa ti yí padà, bí Bákàrè, tí í ṣe Abubakar, àti Súlè, tí í ṣe Sulaiman.

Ní Ìkòròdú, ìtàn so Lásunwọ̀n mọ́ ìdílé ọba Rẹ́mọ, ó sì wí pé Oko Òdú, oko ẹ̀fọ́, ni orúkọ ìlú náà ti wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀fọ́ yìí túmọ̀ Odùkọ̀yà! Odù Ifá ni ti ibẹ̀: Odù kọ ìyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣó inú Ṣóyínká àti Ṣówándé: oṣó ni, lẹ́tà ìṣájú ni ó jábọ́. Ní ọdún 1875, ìpàdé C.M.S. ní Èkó fi ìdí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akọ̀wé kò kà á sí. Nígbà tí Ọnàbánjọ di Onabanjo, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọnà tí agbẹ́gilére nṣe ni, tàbí ọ̀nà tí a nrìn?

Àwọn orúkọ mìíràn kò tilẹ̀ ti ilẹ̀ wa wá. Ní 1825 ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, gba Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London, nígbà ìrìbọmi rẹ̀. Ẹni tí ó bá tọ orúkọ náà yóò dé London. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà ní Òṣogùn.

Nítorí náà, kí a tó ṣí ìwé, àwọn ìyá àgbà agbo-ilé ni kí a kọ́kọ́ tọ̀ lọ, kí nwọ́n ki oríkì orílẹ̀ fún wa, nítorí ohùn wọn kì í gé àmì kúrò lára orúkọ.