Amọ̀kòkò Tó Jókòó Ti Ìṣirò: Etruria, Ọdún 1772

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1772, Alexander Fordyce, ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé ìfowópamọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, sá gba ilẹ̀ Faransé lọ. Ó ti fi owó ta tẹ́tẹ́ lórí ìpín ìdókòwò ilé iṣẹ́ East India, tẹ́tẹ́ náà kò sì jẹ. Kí oṣù náà tó parí, báǹkì ńlá kan ní Ayr, ní ilẹ̀ Scotland, ti dáwọ́ owó sísan dúró. Ẹni tó jẹ gbèsè kò rí owó san, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè kò rí owó gbà, ọjà sì dákẹ́.

Lára àwọn tí ìjì náà dé bá ni Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò ará Staffordshire. Inú ìdílé amọ̀kòkò ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1730. Ṣànpọ̀nná kọlù ú ní kékeré, ó sì ba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ débi pé wọ́n gé e ní ọdún 1768. Síbẹ̀, ní ọdún kejì sí ìgbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, òun àti Thomas Bentley, oníṣòwò láti Liverpool, ṣí ilé iṣẹ́ tuntun kan tí wọ́n sọ ní Etruria. Ayaba Charlotte ti ra àwo lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú, ó sì ti gbà kí wọ́n máa pè é ní amọ̀kòkò ayaba. Àwọn ọlọ́lá wá ń du ìkòkò ọ̀ṣọ́ rẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọjà bá ń tà báyẹn, ta ni yóò béèrè iye tí ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń ná ẹni tó mọ ọ́n? Ìgbà tí ọjà kú, tí ìkòkò kún inú yàrá ìkẹ́rùsí, tí owó ọwọ́ sì gbẹ, ni Wedgwood fa ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde.

Ìwé ìṣirò kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Láti ọdún 1494 ni Luca Pacioli ti tẹ ìwé kan jáde ní Venice, níbi tó ti ṣàlàyé bí oníṣòwò ṣe ń kọ gbogbo owó sí ọ̀nà méjì, ibi tó ti wá àti ibi tó lọ. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹni tó ń ra ọjà tó sì ń tà á ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ iye tó ra aṣọ, ó sì mọ iye tó tà á. Amọ̀kòkò kò ra ìkòkò. Amọ̀, èédú àti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló rà. Báwo ni yóò ṣe pín owó èédú iná kan fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun èlò tó wà nínú iná náà? Èwo ni ìpín ìkòkò nínú owó ilé? Èwo ni ìpín rẹ̀ nínú owó akọ̀wé? Àfojúdá ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ayé ìgbà náà fi ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Wedgwood kọ àfojúdá sílẹ̀. Ó tẹ̀ lé ìkòkò láti ìgbà tó wà ní amọ̀ títí dé ọwọ́ ẹni tó rà á, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ná lé e lórí. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Bentley ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó fi àbájáde rẹ̀ hàn. Àwọn ìnáwó kan wà tí kò bìkítà bóyá ọjà pọ̀ tàbí ó kéré: owó ilé, owó àwọn tó ń ya àwòṣe, owó àwọn ọmọdékùnrin tó ń jẹ́ iṣẹ́ káàkiri, owó ìkẹ́rùsí àti ti akọ̀wé. Ó fi wọ́n wé aago tó ń lọ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ká ní irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 100 pọ́n-ún lóṣù. Bí wọ́n bá mọ ìkòkò 1,000, ṣílè méjì ni yóò jókòó lórí ìkòkò kọ̀ọ̀kan kí a tó ka owó amọ̀ rárá. Bí wọ́n bá mọ 2,000, ṣílè kan péré ni. Lóde òní, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ń kọ́ èyí ní ọdún kìn-ín-ní. Lọ́dún 1772, ọkùnrin kan tí gbèsè ká mọ́ ló dá a rí nínú ìwé ara rẹ̀.

Ìṣirò náà tú àṣírí mìíràn. Akọ̀wé àgbà tó wà nídìí ọjà wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń jí owó kó fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹni tó fura. Wọ́n fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ìṣirò máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ṣe é ṣe kí èyí nìkan ti tó owó iṣẹ́ tí ọ̀gá ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí òwò náà padà ni ìpinnu tó tẹ̀ lé e. Wedgwood rò ó pé àwọn ọlọ́lá ti ní ìkòkò wọ̀nyí láàfin wọn pẹ́ tó, àwọn tí kò lọ́lá tí kò sì tòṣì ti rí i, ó sì ti wọ̀ wọ́n lójú. Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, wọn yóò rà á lọ́pọ̀ yanturu. Láìṣe ìṣirò, ẹ̀rù ì bá bà á láti dín owó ọjà kù nígbà tí owó ń wọ́n. Nísinsìnyí, ó mọ ibi tó lè dé tí kò níí jẹ gbèsè.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ru apá tó wúwo nínú ọgbọ́n yìí. Bí ìnáwó bá ń lọ bí aago, ó di dandan kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà máa lọ bẹ́ẹ̀. Àṣà àwọn amọ̀kòkò ni láti wá nígbà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì fi ọjọ́ Ajé gbádùn ara wọn. Ní Etruria, agogo ló ń pè wọ́n wọlé. Ọ̀gá kan tó kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó sì gbógun ti òwò ẹrú ní gbangba, ni ọ̀gá kan náà tó fẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn má ṣe àṣìṣe mọ́ bí ẹ̀rọ. Ní ọdún 1783, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó, ọkọ̀ ojú omi kan tó kó ìyẹ̀fun àti wàràkàṣì dúró sí Etruria. Ìròyìn tàn pé wọ́n fẹ́ gbé e kọjá lọ sí Manchester. Àwọn ènìyàn já wọ ọkọ̀ náà, wọ́n kó oúnjẹ, àwọn ọmọ ogun dé, wọ́n sì so ọkùnrin kan rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wedgwood kọ ìwé ìbániwí sí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò: ó ní ayé wọn sàn ju ti àwọn òbí wọn lọ. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ló wà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀; iye tí búrẹ́dì ń lọ lọ́jà kò sí níbẹ̀.

Bentley kú ní ọdún 1780, Wedgwood ní 1795, òwò náà sì gbé ọ̀rúndún méjì kọjá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009 ni Waterford Wedgwood, ilé iṣẹ́ tí òwò Josiah ti di apá kan rẹ̀, wó sábẹ́ gbèsè. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ dín ní mílíọ̀nù 134 pọ́n-ún. Nítorí pé òṣìṣẹ́ mélòó kan ní mùsíọ̀mù Wedgwood wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì kan náà, òfin gbé gbogbo gbèsè náà lé mùsíọ̀mù lórí. Ní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ sọ pé wọ́n lè ta ohun tó wà níbẹ̀ láti fi san án: àwọn ìkòkò, àwọn àwòrán, àti àwọn ìwé ìdílé àti ti òwò náà. Ní ọdún 2014 ni owó tí àwọn ará ìlú àti àwọn àjọ dá pé mílíọ̀nù 15.75 pọ́n-ún. Wọ́n fi rà á padà, wọ́n sì fi í fún mùsíọ̀mù Victoria and Albert, ṣùgbọ́n ó ṣì wà ní Barlaston, ní Staffordshire, níbi tó wà tẹ́lẹ̀.