Ilé Eré Ńlá tí ó wà ní Ìgànmú

Ìtàn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn ilé kan ni. Ilé náà wà ní Ìgànmú ní ìlú Èkó, ó sì jìnnà púpọ̀ sí wa níhìn-ín ní Ayétòrò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ni ó ti rí àwòrán rẹ̀ rí, nítorí pé ó dà bí fìlà ọ̀gá ológun tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Títí di ọdún 2024, National Theatre ni gbogbo ayé ń pè é. Owó gbogbo wa ni wọ́n fi kọ́ ọ, a sì máa ń wí pé tiwa ni. Mo fẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa: kí ni ó ń sọ ilé kan di ti gbogbo ènìyàn?

Ó tọ́ kí àwa ará Ayétòrò béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn baba wa tẹ ìlú yìí dó ní ọdún 1947, àpò kan náà ni gbogbo ìlú ń ná. Wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kọ́lé, wọ́n sì jọ ń tún afárá onípákó ṣe. Nítorí náà a mọ ohun tí ó wà nínú kí nǹkan jẹ́ ti àjùmọ̀ní. A sì mọ̀ pé ọjọ́ tí a ṣí ilé kọ́ ni iṣẹ́ ilé parí.

Kí á tó dé Ìgànmú, ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí àwọn Yorùbá ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀. Àwọn alárìnjó àtijọ́ kò ní ilé eré. Ojúde ọba, àárín ọjà àti agbo ilé ni ìtàgé wọn. Ibi tí ìlù bá ti dún, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò pagbo sí. Nígbà tí ó yá, wọ́n kọ́ àwọn gbọ̀ngàn sí Èkó, ọ̀kan tí ó lókìkí nínú wọn sì ni Glover Memorial Hall. Ibẹ̀ ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó ń ṣe nígbà náà, nítorí kí ìjọ lè rí owó kọ́ ilé ìsìn ni ó sì ṣe ṣe eré ọ̀hún. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó sì sọ eré di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Moses Ọláìyá tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá dìde. Wọn a di ẹrù sínú ọkọ̀, wọn a ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọn a ṣeré nínú yàrá ilé-ìwé àti nínú gbọ̀ngàn ìlú. Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, wọn a tan àtùpà. Ẹni tí ó sanwó a wọlé, ọmọdé tí kò rówó san a sì yọjú lójú fèrèsé. Gbogbo ìgbà yìí, kò sí ilé kan ní gbogbo Nàìjíríà tí a dìídì kọ́ kí ó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nítorí eré àti àṣà nìkan.

Bí ọ̀rọ̀ Ìgànmú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1966, àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Nàìjíríà ni wọ́n yàn pé kí ó gba àlejò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967, kò sì tán títí di 1970, ni ọ̀rọ̀ náà bá falẹ̀. Nígbà tí ogun parí tí owó epo rọ̀bì sì ń wọlé, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon pinnu pé àfi kí á kọ́ ilé tí ó tó gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Technoexportstroy ti ilẹ̀ Bulgaria ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Àwọn ará Bulgaria ti kọ́ gbọ̀ngàn kan sí ìlú Varna, ní etí Òkun Dúdú, èyí tí ó parí ní ọdún 1968. Àwòṣe rẹ̀ ni wọ́n gbé wá sí Èkó, ṣùgbọ́n ti Èkó tóbi ju ti Varna lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kíyè sí i: ilé tí a fẹ́ fi gbé àṣà wa yọ lójú ayé, òkè òkun ni ìrísí rẹ̀ ti wá. Àwọn kan fi èyí bú u títí di òní. Lójú tèmi, ẹni tí ó hun aṣọ kọ́ ni ó ni ín. Ẹni tí ó ń wọ̀ ọ́, tí ó ń fọ̀ ọ́, tí ó sì ń lẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó bá ya, ni ó ni ín. Bí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣe rí pẹ̀lú nìyẹn.

Ilẹ̀ àbàtà ni Ìgànmú, irú ilẹ̀ tí àwa ọmọ Ìlàjẹ mọ̀ bí ẹni mowó. Ilẹ̀ náà kì í sì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ ní abúlé tí à ń pè ní Olúwolé, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò kí ilé eré lè rí àyè. Àwọn kan nínú wọn lọ tún ilé kọ́ sí Ọ̀gbà. Àwa tí òkun ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́, tí a ti rí ilé baba wa tí omi gbé lọ, a mọ bí ó ti ń rí lára kí ènìyàn di ẹrù tán láìmọ ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí. Bí a bá ń ṣírò iye tí ilé náà ná wa, ẹ jẹ́ kí á ka àwọn ará Olúwolé mọ́ ọn.

Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba Gowon ṣubú ní oṣù keje ọdún 1975. Ọ̀gágun Murtala Mohammed gba ipò, ó sì sún àjọ̀dún síwájú. Wọ́n pa Murtala ní oṣù kejì ọdún 1976, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jẹ. Ìgbà tirẹ̀ ni ilé náà parí ní ọdún 1976 kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti tóbi tó. Gíga rẹ̀ ju mítà 30 lọ, ó tó ilé alájà mẹ́wàá. Gbọ̀ngàn ńlá tí ó wà ní àárín rẹ̀, ènìyàn 5,000 ni wọ́n ṣe é fún. Ilé sinimá méjì wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn àpérò wà níbẹ̀, àyè sì wà tí a ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà sí. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ sí i tí àlejò lè fi sí etí, kí ó máa gbọ́ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ, títí dé èdè mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá dé ìta rẹ̀ yóò rí iṣẹ́ ọnà Erhabor Emokpae lára ògiri.

Àjọ̀dún náà, tí a ń pè ní FESTAC, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Pápá ìṣeré tí ó wà ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ṣí i, ṣùgbọ́n ilé eré ti Ìgànmú ni ojúkò rẹ̀. Àlejò tí ó lé ní 15,000 wá láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50. Wọ́n tọ́ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà Èkó, wọ́n sì gun ẹṣin ní Kaduna. Eré orí ìtàgé tí Nàìjíríà gbé jáde ni Láńgbòdó, èyí tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìtàn Ògbójú Ọdẹ tí D. O. Fágúnwà ti tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà ní kíláàsì, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ọmọ Òkè-Igbó ṣe di ohun ìwòran gbogbo ayé.

Àmì tí wọ́n yàn fún àjọ̀dún náà ni ère ojú Ìyọba Idia ti Benin, tí àwọn oníṣọ̀nà fi eyín erin gbẹ́ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ nígbà tí wọ́n ṣígun sí Benin ní ọdún 1897, ó sì di ti British Museum ní Lọ́ńdọ́nù. Nàìjíríà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá wa fún àjọ̀dún náà, wọ́n kọ̀. Àwọn ọmọ Benin bá tún òmíràn gbẹ́. Ẹ rántí èyí nígbàkígbà tí ẹ bá rí àwòrán ojú náà.

Lẹ́yìn tí àlejò lọ, àwọn onílé ni wọ́n wá ń lo ilé wọn. Bí ó bá di ọjọ́ Kérésìmesì, ọjọ́ Àjíǹde tàbí ọjọ́ Iléyá, tọkọtaya a múra, wọn a kó ọmọ lẹ́yìn, ó di Ìgànmú. Ìgbà náà ni àwọn òṣèré tí wọ́n ti ń ṣeré ní yàrá ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sinimá. Hubert Ògúndé ṣe Aiyé, Bàbá Sàlá sì ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Mo gbà pé ìgbà yìí gan-an ni ilé tí a yá àwòṣe rẹ̀ láti Varna di ti Yorùbá, di ti Nàìjíríà. Èdè wa ni ó kún inú rẹ̀, ẹ̀rín wa ni ó sì ń dún níbẹ̀.

Kí ni ó wá bà á jẹ́? Nǹkan mélòó kan ni, wọ́n sì jọ dé ni. Èkíní, fídíò wọlé dé, ẹni tí ó lè jókòó sí pálọ̀ wo sinimá kò tún fẹ́ jáde mọ́. Èkejì, ìbẹ̀rù olè kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ́ rìn lóru ní Èkó. Ẹ̀kẹta, olú ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní oṣù kejìlá ọdún 1991, ojú ìjọba sì kúrò lára ilé náà. Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù: kò sí ìtọ́jú. Òrùlé ń jò, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, omi àbàtà sì ń wọ ìsàlẹ̀ ilé. Àwa mọ omi. Kì í sinmi, bí ẹni tí ń ṣọ́ ọ bá tilẹ̀ sùn. Bí a bá fi pákó kan tí ó jẹrà sílẹ̀ lórí afárá wa nítorí pé afárá jẹ́ ti gbogbo ìlú, ọmọ ẹnì kan ni yóò já sómi.

Ní ọdún 2005, ìjọba sọ pé òun yóò gbé ilé náà fún àwọn oníṣòwò. Àwọn òṣèré àti àwọn òǹkọ̀wé fárígá, Wọlé Ṣóyínká sì wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà fà sí ìhín, ó fà sí ọ̀hún, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2021 ni wọ́n fi àtúnṣe rẹ̀ lé Báńkì Àpapọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn báńkì lọ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí Ṣóyínká pé ẹni 90 ọdún, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n tún un ṣí. Owó tí wọ́n kéde pé wọ́n fi tún un ṣe lé ní bílíọ̀nù 68 náírà. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé yìí kò jó o. A fi í sílẹ̀ kí ó bàjẹ́ ni. Ẹwà tí a fi irú owó bẹ́ẹ̀ rà, ó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wò ó, ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, a ó wọ mọ́tò gba Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀ àti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin oníná ti ń gbé èrò láti Marina, ibùdó rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn Marina sì wà lẹ́bàá ilé eré náà. Ẹ kọ̀wé ṣáájú, kí ẹ lè mọ ọjọ́ tí eré wà, nítorí pé ilé eré tí kò sí eré nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí kò sí lójú omi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ ya àwòrán ìta nìkan kí wọ́n sì padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó lórí àga, kí wọ́n wo òkè, kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òṣèré. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan: ta ni ń gbá ilẹ̀ yìí, ta ni ń tún òrùlé yìí ṣe?

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa ti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ìbéèrè àwọn ọmọ náà. Owó ìjọba lè kọ́ ilé, àwọn ará Bulgaria lè yà á lórí ìwé, orúkọ ẹni ńlá sì lè wà lójú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ì tíì di ti gbogbo ènìyàn títí tí gbogbo ènìyàn yóò fi máa wọ̀ ọ́, tí ẹnì kan yóò sì máa dí ihò òrùlé rẹ̀ kí òjò tó dé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àgbájọ ọwọ́ náà ni a fi ń tọ́jú ilé.