Àṣẹ̀yìndè: Ìtọ́jú Ẹbí Ẹni Tí A Fi Ipá Pa

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Nítorí náà, inú ọ̀rọ̀ ni n óò ti mú ìtàn yìí jáde. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ènìyàn, Yorùbá a kí i pé, ‘Ẹ kú ìrọ́jú’. Wọn a sì tún kí i pé, ‘Ẹ kú àṣẹ̀yìndè’. Ìkíni kìíní ń bá ìrora ọjọ́ òní wí. Èkejì ń tọ́ka sí ẹ̀yìn olóògbé: opó rẹ̀, ọmọ òrukàn, gbèsè, àti iṣẹ́ tí kò parí. Èrò mi ni pé a mọ ìrọ́jú bá ẹbí ẹni tí a fi ipá pa ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ibi tó dúró ṣinṣin gbé ẹrù àṣẹ̀yìndè kà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ojú irin tí ó ti Èkó gba Àgbàdo àti Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta wà lára ohun tí àwọn Ẹ̀gbá dojú ìjà kọ ní 1918, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó-orí tuntun wá. Ogun Àdùbí ni à ń pè é. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ hú irin, wọ́n sì pa Ọba Òkè-Ọnà. Ìjọba kó àwọn ọmọ ogun tí ó ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé lọ bá wọn. Nǹkan bí 600 ènìyàn ni ó kú. Nínú àwọn ìwé tí mo kà lórí ogun náà, owó-orí, agbára ọba àti irin tí a hú ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Àwọn opó kò ní ojú ìwé tiwọn.

Èyí kò fi hàn pé kò sí ètò. Ẹbí a máa gba ọmọ òrukàn tọ́. Wọn a máa ṣú opó. Ẹgbẹ́ a máa dá owó ìsìnkú. Ọ̀wẹ̀ a sì máa ro oko tí olóko rẹ̀ kò sí mọ́. Samuel Johnson ti mẹ́nu ba èsúsú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pọ́n àtijọ́ kọjá bí ó ti yẹ. Opó lè kọ̀ kí a ṣú òun lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ, kíkọ̀ rẹ̀ kò rọrùn.

Ohun tí ó gbé ètò náà ró ni pé ẹbí ń gbé ojú kan. Àgbàdo, Ìfọ̀, Mowe àti Ibafo òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́lé síbẹ̀ lè ti Òǹdó tàbí Kwara wá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ẹbí rẹ̀ sì jìnnà. Bí ajagungbalẹ̀ bá pa á, ta ni yóò ṣe ẹ̀yìn dè é? Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin ní 2016 tí ó de ajagungbalẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ọ̀daràn kì í san owó ilé-ìwé ọmọ òkú.

Irú èrò yìí ni ó mú kí ìjọba New Zealand ṣe òfin ní 1963 láti máa san owó fún ẹni tí ìwà ọ̀daràn bá pa lára àti fún àwọn tí olóògbé ń bọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní 1964. Ní Nàìjíríà, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, tí a ṣe ní 2015, fún adájọ́ láyè, ní abala 319, láti ní kí ọ̀daràn san owó ìtanràn fún ẹni tí ó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èyí tó lè ṣẹ, a ní láti kọ́kọ́ mú ọ̀daràn. Ẹ̀tọ́ a máa pẹ́ lọ́nà. Ebi kì í dúró dè é. Ìdí nìyí tí ìtọrẹ àánú fi níṣẹ́ láti ṣe.

Báwo ni àánú náà ti ń rí? Ní 2014, ìjọba àpapọ̀ dá àpò ìrànlọ́wọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí Boko Haram ṣe ní jàǹbá. Ọ̀gágun Theophilus Danjuma ni alága rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù keje, ìlérí owó ju bílíọ̀nù 50 náírà lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó wọlé. Ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, a pa ènìyàn bí 40 nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà St. Francis Xavier. Àwọn kan fi owó ṣèrànwọ́, àwọn mìíràn fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn tọrẹ fún àwọn tí ó fara pa. Ní ọjọ́ 17 a péjọ sin òkú. Ìrọ́jú nìyẹn, ó sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún tí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ bá sọ di aláìníyàá yóò nílò alágbàtọ́ fún ọdún mẹ́tàlá sí i, ó kéré tán.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Èkó ni a bí Damilola Taylor sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí a pa á ní Peckham, ní London, ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá 2000. Ní 2001, àwọn òbí rẹ̀, Richard àti Gloria, dá àjọ aláàánú kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Gloria kú ní 2008. Richard kò jáwọ́ títí ó fi kú ní 2024. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ ni ó di ẹni tí ń ṣàánú. Kì í ṣe omijé ni ó mú iṣẹ́ náà tọ́jọ́: àjọ tí ó ní orúkọ, ìgbìmọ̀ àti ìwé ìṣirò ni.

Kò sí ohun tí ó ṣàjèjì sí wa nínú èyí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ti mọ owó dá, wọ́n sì ti mọ ìwé owó pa mọ́. Kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ mẹ́ta: owó ilé-ìwé ọmọ òrukàn, owó òwò opó, àti agbẹjọ́rò tí yóò máa bá ẹbí lépa ẹjọ́. Kí wọ́n bi opó léèrè ohun tí ó nílò, kí wọ́n má sì fi àwòrán rẹ̀ ṣe ìpolówó àánú wọn. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kò bomi rin kò lè rọ́pò ẹnikẹ́ni.