Òṣùwọ̀n Ìgbanisíṣẹ́ Ìjọba ní Èkó, 1902 sí 1948
Ní 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ oníṣègùn rẹ̀ sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó sì là á sílẹ̀ pé ọmọ Òyìnbó nìkan ni a ó gbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, John Randle àti Obadiah Johnson ti gboyè ìṣègùn ní Brítéènì ṣáájú ìgbà náà. Àwọ̀ ni a fi ń díwọ̀n ènìyàn, kì í ṣe ìmọ̀. Ní 1948, Ìgbìmọ̀ Foot dábàá pé kí a má ṣe gba àjèjì síṣẹ́ ìjọba níbi tí ọmọ Nàìjíríà tí ó tóótun bá wà. Ìlẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n ta ni yóò pinnu ẹni tí ó tóótun? Lójú tiwa, ẹni tí ó di òṣùwọ̀n mú ni ó yẹ kí òpìtàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò.