Àwọn tí ó sọ koríko di àgbàdo

Àgbàdo tí ó wà nínú àká wa kò ṣẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn ọdún 1500 ni ọkọ̀ ojú omi òyìnbó gbé e dé etíkun. Ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní Amẹ́ríkà, ni orísun rẹ̀.

Ní àfonífojì odò Balsas níbẹ̀, koríko kan ń hù tí à ń pè ní teosinte. Orí rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ, hóró rẹ̀ kò pọ̀, èèpo rẹ̀ sì le bí òkúta. Ní nǹkan bí 9000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín. Lọ́dọọdún wọ́n ń ṣa èyí tí ó dára jù pamọ́ fún irúgbìn, bí ẹ̀yin náà ti ń ṣe. Ìran dé ìran, koríko di àgbàdo. Ẹ fi orí àgbàdo kan sílẹ̀ nínú igbó, hóró rẹ̀ kò lè fọ́n ara rẹ̀ ká. Bí kò bá sí àgbẹ̀, kò sí àgbàdo.

Àwọn Maya, ọmọ ilẹ̀ náà, ní amọ̀ ni àwọn òrìṣà kọ́kọ́ fi mọ ènìyàn, ó yọ́. Wọ́n fi igi ṣe é, kò ní ọkàn. Àgbàdo funfun àti pupa tí a lọ̀ ni wọ́n fi ṣe é tí ó fi di ènìyàn.

Àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í lọ àgbàdo lásán. Wọ́n á sè é pẹ̀lú eérú tàbí òkúta ẹfun tí a ti sun, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Ní 1492, Christophe Colomb rí àgbàdo ní Kúbà. Àwọn òyìnbó kó irúgbìn lọ sílé, wọn kò kó ọgbọ́n sísè rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó yá, àwọn tálákà Sípéènì àti Ítálì, tí wọn kò ní oúnjẹ mìíràn, bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn. Awọ ara wọn ń bó, wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru, orí wọn ń dàrú, wọ́n sì ń kú. Pellagra ni orúkọ àìsàn náà. Ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní gúúsù Amẹ́ríkà ti Washington pẹ̀lú, lẹ́yìn 1906. Wọ́n rò pé ó ń ràn! Dókítà Goldberger ni ó fi hàn ní 1915 pé oúnjẹ ni ó fà á.

Ní 1937 ni a mọ fítámì tí ara wọn ń wá, niacin. Ó wà nínú àgbàdo, ṣùgbọ́n ó há síbẹ̀, eérú ni ó ń tú u sílẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ẹja tàbí ẹ̀pà jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ ń rí i gbà níbẹ̀.

Àwọn obìnrin Mẹ́síkò ṣì ń sè é bẹ́ẹ̀ títí di òní. Nixtamal ni wọ́n ń pè é. Nínú èdè Nahuatl ti ibẹ̀, nextli ni eérú.