Oòrùn, Igi Ìdáná àti Epo: Ìtàn Ẹ̀rọ tí ń Mú Omi Gbóná



Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná ni a gbé wá lónìí. Bóyá ẹnìkan yóò bi wá pé, kí ni ará ilẹ̀ olóoru fẹ́ fi omi gbígbóná ṣe? Ẹni tí ó bá ti jí ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Ìyá ìkókó kò ní béèrè, agbẹ̀bí kò ní béèrè, arúgbó tí oríkèé ń ro kò sì ní béèrè. Garawa omi kan tí ó gba lítà 20, bí a bá fẹ́ kí ó fi ìwọ̀n 20 gbóná sí i, agbára tí yóò gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì yúnítì iná mànàmáná. Igi ni púpọ̀ nínú wa ń sun láti rí i. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé, kí ló dé tí ilẹ̀ tí oòrùn mú tó báyìí fi ń gé igbó nítorí omi ìwẹ̀?

Ọgbọ́n à ń fi oòrùn mú nǹkan gbóná kì í ṣe ọgbọ́n àná. Ní ọdún 1767, Horace-Bénédict de Saussure, ọmọ ìlú Geneva, kan àpótí kan, ó fi dígí bò ó ní ìpele-ìpele, ó gbé e sínú oòrùn, ooru inú rẹ̀ sì ju ìwọ̀n 100 lọ. Dígí a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ooru jáde bọ̀rọ̀. Ní 1891, Clarence Kemp ti ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ó pè ní Climax: táǹkì irin tí a kùn ní dúdú, tí a tẹ́ sínú àpótí onídígí. Àléébù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí ilẹ̀ bá ti ṣú, omi a tutù.

Ní 1909, William Bailey ní California wá àtúnṣe sí i. Ó ya ibi tí omi ti ń gbóná sọ́tọ̀ kúrò lára táǹkì. Páìpù ni ó tò sínú àpótí onídígí. Ó gbé táǹkì sókè rẹ̀, ó sì wé e nípọn kí ooru má baà sá lọ. Omi tí ó gbóná fúyẹ́, nítorí náà a gòkè lọ sínú táǹkì. Èyí tí ó tutù a sọ̀ kalẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀. Kò lo ẹ̀rọ afami, kò lo iná, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, omi náà ṣì gbóná.

Kí ló wá dé? Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n rí gáàsì púpọ̀ ní agbègbè Los Angeles, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Àwọn ènìyàn pa ẹ̀rọ oòrùn tì. Ilé iṣẹ́ Bailey fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí ń lo gáàsì. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Epo ni ó dọ̀pọ̀. Ní Ísírẹ́lì, níbi tí epo ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ náà tàn kálẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí ó sì di 1980, òfin pàṣẹ pé kí a fi í sí ilé gbígbé tuntun.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìtòsí wa. Orílẹ̀-èdè Niger kò ní etí òkun, igi kò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà jíjìn sì ni epo ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà. Ní 1965, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìwádìí agbára oòrùn sílẹ̀ ní Niamey. Abdou Moumouni, onímọ̀ físíìsì tí ó tún kọ ìwé pàtàkì lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà ní 1964, ni ó darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn ọdún 1970, ọmọ Niger ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn mú omi gbóná, wọ́n sì ń tà á. Moumouni kú ní 1991. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì Niamey ń jẹ́ lónìí.

Àwa náà kò jókòó lásán. Òfin tí ó dá Àjọ Agbára Nàìjíríà sílẹ̀ jáde ní 1979, ní ọdún kan náà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Poli ti Ìlaròó sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ibùdó ìwádìí ní Nsukka àti Sókótó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí. Ṣùgbọ́n láti 1973 ni owó epo ti ya wọlé bí omi òjò. Àwa ará ẹnubodè kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn epo pọ́ọ́kú fún wa: ojú wa ni a fi rí kẹ́ẹ̀gì tí ń gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí ilẹ̀ Benin, nítorí pé epo tiwa pọ́ọ́kú ju tiwọn lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní California ni ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ìmọ̀ wà, oòrùn wà, epo kò jẹ́ kí a wo òkè.

Ní 2023 ni ìjọba dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dúró. Kẹrosíìnì náà kò sì pọ́ọ́kú mọ́. Igbó kò sì dúró dè wá. Òtítọ́ ni pé ẹ̀rọ Bailey ń béèrè owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a lè ra igi ní díẹ̀díẹ̀. Ó sì ń fẹ́ omi ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Nítorí èyí ni ìtàn fi wúlò. Àpótí Kemp tí ayé ti gbàgbé ni ó bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu: a lè fi garawa bu omi sí i ní òwúrọ̀, kí a sì fi wẹ ọmọ kí oòrùn tó wọ̀. Ajórin-mọ́rin lè ṣe táǹkì rẹ̀, káfíńtà lè kan àpótí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè wọn ìgbóná rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí parí sí ojú pátákó. A kì í gbé etí odò kí á fi itọ́ ṣan ọwọ́.